Èdè iwin kọ́ nìyẹn, ẹnà ni

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti àwọn òṣèré ló kọ̀wé sí wa jù lọ́tẹ̀ yìí. Ohun kan náà ni wọ́n ń bi wá: báwo lèèyàn ṣe ń ṣẹ̀dá èdè fún iwin, ẹbọra tàbí ẹ̀dá mìíràn tí kò sí láyé, tí yóò fi dún létí bí èdè lóòótọ́? A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí wọ́n lè gba ojú ewé.

Láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń kọ ìtàn nípa àwọn iwin inú igbó. Mo ti ṣe ìwé ọ̀rọ̀ fún èdè wọn, ó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀: "ọmọ" di "zúgò", "lọ" di "fínà", "ilé" di "bárù". Àbúrò mi ka ojú ewé kan ṣoṣo, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹnà ni mò ń fọ̀. Kí ló kù díẹ̀ káàtó?*

Àbúrò yín kò parọ́. Ẹ wo ẹnà tí àwọn ọmọdé máa ń fọ̀: "Mo fẹ́ lọ" á di "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi g sí i, wọ́n á sì tún fáwẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá pè. Ẹni tó bá ti já ọgbọ́n náà ti gbọ́ ọ tán, kò sí gírámà kankan tó kù láti kọ́. Iṣẹ́ tiyín gba agbára ju ìyẹn lọ, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. "Ọmọ mi lọ sí ilé" di "Zúgò mi fínà sí bárù". Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó sórí àga tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

Ẹ ti ìwé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn lẹ óò kọ́kọ́ pinnu. Yorùbá ń fi olùwà ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe á tẹ̀ lé e, àbọ̀ á gbẹ̀yìn: Adé ra iṣu. Èdè àwọn ará Jàpáánì àti ti Tọ́kì ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn pátápátá: Adé iṣu ra. Àwọn ará Wales ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣíwájú: Ra Adé iṣu. Ní Bùràsíìlì, èdè kan wà tó ń jẹ́ Hixkaryana tó ń fi àbọ̀ ṣíwájú, tí olùwà á kẹ́yìn: Iṣu ra Adé. Adé náà ló ra iṣu o, iṣu kọ́ ló ra Adé.

Bí ẹ bá mú ti Jàpáánì, ẹ má dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èdè tó ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn ló ń sọ "ilé inú" níbi tí àwa ń sọ "inú ilé", tó sì ń sọ "ọba aṣọ" níbi tí àwa ń sọ "aṣọ ọba". Ibí ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Òǹkọ̀wé á gbé ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn, á wá gbàgbé pé "aṣọ ọba" ṣì wà bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á rí i pé Yorùbá ló fara pamọ́ síbẹ̀.

Ìkejì ló dùn jù lójú tiwa: kí ni èdè yìí fi dandan lé ẹni tó ń sọ ọ́? Yorùbá kì í bi wá bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni "ó". Èdè Hausa kò lè gbójú fo ìyẹn, "shi" ni ọkùnrin, "ita" ni obìnrin. Àwa náà ní tiwa, a kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìyan láàárín "o" àti "ẹ", ẹni tó bá sì ṣì í yàn á gbọ́ ọ létí. Ní Tọ́kì, ẹni tó bá ní "geldi" ń sọ pé ẹnì kan dé, ojú òun ló ṣe. Bó bá ní "gelmiş", wọ́n sọ fún un ni, tàbí kó jẹ́ pé bàtà tó rí lẹ́nu ọ̀nà ló fi mọ̀. Àwa náà lè fi "wọ́n ní" síwájú ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ ìgbà tó bá wù wá ni. Tiwọn ti wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àwọn Fúlàní tó wà ní gáà lẹ́bàá ìlú wa níbí ní "àwa" méjì. "En" ni àwa pẹ̀lú ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀. "Min" ni àwa láìsí ìwọ níbẹ̀. Ẹ fi irú ìyẹn sẹ́nu iwin yín, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe fún ìtàn. Ọdẹ tó ti bá wọn gbé fún oṣù mẹ́ta á gbọ́ "àwa máa jẹun lálẹ́ yìí", á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwa yẹn kò kan òun. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ikú, síbẹ̀ ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Ọ̀kan tàbí méjì irú òfin bẹ́ẹ̀ tó. Ẹni tó bá kó márùn-ún pọ̀ á ti gbàgbé òfin ara rẹ̀ kí ìtàn tó dé orí kẹta. Ẹ kàn fi ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ kún un: àwa ń fi "kò" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn Ígbò ń so ó mọ́ ìdí rẹ̀, "ọ bịaghị", kò wá. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó padà sí ìwé ọ̀rọ̀ yín.

Láti Masífà, Ògbómọ̀ṣọ́

*Àwọn ẹ̀dá inú ìtàn mi ní àgógó bíi ti ẹyẹ. Mo fẹ́ kí èdè wọn le létí, ni mo ṣe kọ ọ́ báyìí: "Xqrth zvakh ngrrt". Àwọn tó kà á ní ńṣe ni àwọn ń fo ibẹ̀ kọjá.*

Wọ́n á fò ó, nítorí kò sí ẹnu tó lè pè é, kódà nínú ọkàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀dá náà. Ẹ kọ kọ́ńsónáǹtì Yorùbá méjèèjìdínlógún sílẹ̀, kí ẹ wá máa fagi lé wọn níkọ̀ọ̀kan.

Alágògó kò ní ètè. Nítorí náà b àti m, tí í ṣe àfèjì-ètè-pè, ti lọ. P àti gb bá wọn lọ, torí ètè àti àfàsé, ìyẹn ẹ̀yìn àjà ẹnu tó rọ̀, la fi ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. W ń fẹ́ kí ètè ká roboto, òun náà ti lọ. Kò ní eyín: f ti lọ, torí eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ló ń pè é. S àti ṣ ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọlu eyín kí ariwo wọn tó jáde, ẹ yọ wọ́n. Mẹ́wàá ló kù: d, g, h, j, k, l, n, r, t, y. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó le. Ẹ yọ d, g àti j tí tán-án-ná inú ọ̀fun ń gbọ̀n sí, kí ó gbẹ létí. Ó ku méje. Fáwẹ̀lì náà ń kọ́? O, ọ àti u ń fẹ́ ètè roboto, wọ́n ti lọ. I, e, ẹ àti a ló kù.

Ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé ó kéré. Kọ́ńsónáǹtì 7 lọ́nà fáwẹ̀lì 4 jẹ́ sílébù 28. Bí ẹ bá fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sí i, ó di 84. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì nìkan á jẹ́ 84 lọ́nà 84, ìyẹn 7,056. Èdè Hawaii kò ní ju kọ́ńsónáǹtì mẹ́jọ lọ, wọ́n sì ń fi bú ara wọn dáadáa. Àwọn Mohawk ní Àríwá Amẹ́ríkà ní ètè bíi tiwa, síbẹ̀ kò sí p, b àti m nínú èdè ìbílẹ̀ wọn.

Ẹnì kan á ní ṣebí ayékòótọ́ ń pe b àti m láìní ètè. Òótọ́ ni pé a ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, nínú àyà lọ́hùn-ún, ni ẹyẹ ti ń ṣe ohùn tirẹ̀, ó sì lè ṣe ìró tó jọ b létí wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ẹ̀dá yín rí bẹ́ẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ pinnu rẹ̀ lójú ewé kìíní. Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n má ní b títí di orí kẹfà, kí orúkọ ọba wọn wá jẹ́ Bambú.

Lẹ́yìn yíyọ, ẹ wá ṣe òfin bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí. Ọ̀kan wà tí kò ná yín ní nǹkan kan tó sì ń ṣiṣẹ́ lára òǹkàwé Yorùbá: kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ wa tó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ tí fáwẹ̀lì náà gba ohùn òkè. A ní ilé, ìlú, ọmọ, ọ̀nà. A kò ní "ílé". Nítorí náà ẹ fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ tiwọn: "áka", "íyera", "élẹ". Gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ ni òǹkàwé mọ̀, ó lè pè é, síbẹ̀ etí rẹ̀ á sọ fún un pé èyí kì í ṣe ti ilé. Ó sàn ju x àti q mẹ́wàá lọ.

Ẹ wo gbólóhùn kan tí a fi àwọn ìró yẹn ṣe, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn: "Níla tẹ́haka ràyi." Níla ni ọmọ, tẹ́ha ni ẹja, "ka" tó lẹ̀ mọ́ ọn ń fi hàn pé ẹja ni wọ́n ṣe nǹkan sí, ràyi ni jẹ. Nítorí "ka" yìí, "Tẹ́haka níla ràyi" kò yí ìtumọ̀ padà, ọmọ náà ló ṣì jẹ ẹja. Ẹ bọ́ "ka" kúrò nínú èyí ìkejì, ọmọ á di oúnjẹ ẹja.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama kan, Ọ̀yọ́

*Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ mélòó ló tó? Ṣé dandan ni kí wọ́n ní òǹkà tiwọn?*

Ọgọ́rùn-ún sí igba tó fún ìwé kan. Má jókòó máa hùmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe ogójì gbòǹgbò àti àfòmọ́ mẹ́rin, kí o wá so wọ́n pọ̀ bí Yorùbá ṣe ń ṣe: láti ara "kọ́" la ti rí ẹ̀kọ́, ìkọ́ni, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tó o bá ṣẹ̀dá lónìí, kọ ọ́ sínú ìwé lónìí pẹ̀lú ojú ewé tó ti jáde.

Òǹkà kì í ṣe dandan, àmọ́ ó dùn ún ṣe. Ogún ni Yorùbá ń kà lé, a sì ń yọ kúrò: márùndínláàádọ́ta jẹ́ 60, yọ 10, yọ 5. Ẹ̀dá tó ní ìka mẹ́rin lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan á máa ka ẹ̀jọ ẹ̀jọ. 64 ni yóò jẹ́ iye ńlá lójú rẹ̀, bí igba ṣe rí lójú wa. Bí ó bá ṣèlérí fún ẹnì kan pé "ẹ̀jọ méjì" ọjọ́, 16 ni.

Láti Táakì, Ògbómọ̀ṣọ́

*Fíìmù là ń ṣe. Òṣèré mẹ́rin ló ń sọ èdè ẹbọra, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì ń gbà pè é. "Ktális" la kọ, ẹnì kan ń pè é ní "Kítálísì", òmíràn "Tálíìsì". A tún fẹ́ ìró tó ń ta pọ́ lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń sọ ní South Africa.*

Ẹ má bínú sí àwọn òṣèré, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló fà á. Ẹnu Yorùbá kì í gbé kọ́ńsónáǹtì méjì léra, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Bí ó bá bá irú rẹ̀ pàdé, á fi fáwẹ̀lì sí i: ohun tó fi "bread" di búrẹ́dì nìyẹn, tó fi "station" di sítéṣọ̀n. Ẹ kọ ọ́ ní "Kitálisì" kí gbogbo yín bọ́. Bí ó bá jẹ́ "kt" gan-an ló wù yín, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, orúkọ olórí wọn bóyá, kí ẹ wá fi í dánrawò. Ẹ fi ìka méjì lé ọ̀fun bí ẹ bá ń pè é: bí ọ̀fun bá gbọ̀n láàárín k àti t, fáwẹ̀lì ti yọ́ wọlé.

Àwọn ọ̀fìn mìíràn wà nínú ìkọsílẹ̀. "N" lẹ́yìn fáwẹ̀lì á di aránmúpè lójú gbogbo ẹni tó bá ka Yorùbá. Bí ẹ bá kọ "tan", bí ẹni pé nǹkan tán ni wọ́n á ṣe gbé e gba imú. P á jáde bíi ti "pápá", kò ní jáde bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sì jẹ́ kí s àti ṣ nìkan ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹnu lágbègbè wa níbí kì í ya wọ́n. Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo sílébù tó yẹ. Ìwé eré tí kò lámì ló ń bí ọ̀nà mẹ́rin.

Kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wà ní ìlà mẹ́ta nínú ìwé eré: èdè ẹbọra lókè, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀ gan-an, Yorùbá geere nísàlẹ̀. Ìlà àárín yẹn ni òṣèré fi ń mọ ibi tí yóò ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀; láìsí i, á máa ka gbogbo rẹ̀ bí orúkọ oògùn. Kí ẹnì kan ṣoṣo ka gbogbo ìlà sórí fóònù, ní ìgbà méjì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp. Ẹnu ẹyọ kan ni kí wọ́n máa fara wé.

Ìró tó ń ta pọ́ yẹn, mẹ́ta ni èdè Xhosa ń kọ: c, q àti x. Fún c, ẹ lẹ ṣóńṣó ahọ́n mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè, kí ẹ fà á kúrò wàrà. Fún q, àjà ẹnu lẹ óò lẹ̀ ẹ́ mọ́, lẹ́yìn èrìgì, ó sì ń dún ju c lọ. Fún x, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ń ṣí, bí ìró tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń lé ẹṣin. Ìró náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e: òṣèré á ta á, á dákẹ́, á wá sọ "a". Ìdí ni pé ó jẹ́ kí ẹ̀yìn ahọ́n kúrò. Ẹ̀yìn ahọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àfàsé bí ẹni tó fẹ́ pe k ní gbogbo ìgbà tí iwájú rẹ̀ ń ta, kí méjèèjì tú pọ̀ sínú "a". Ẹ mú c nìkan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ yín lọ́jọ́ jẹ yín lówó.

Ó kan ohùn tí ẹbọra yín fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Egúngún ń yí ohùn padà sínú ọ̀fun, àmọ́ Yorùbá ló ń sọ, ohùn nìkan ló yàtọ̀. Ohùn kì í ṣe èdè, ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Òṣèré tó bá sì fún ọ̀fun pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ohùn rẹ̀ á ti há kí iṣẹ́ tó parí. Sílébù olóhùn ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ó fún ọ̀fun sí. Létí ẹni tó ń wò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ á dà bí ohùn ẹbọra, ọ̀fun á sì sinmi láàárín.

Láti Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

*Ẹ̀dá tèmi kò lẹ́nu rárá. Ohùn bíi ti dùndún ni mo fẹ́ kí ó máa fi sọ̀rọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?*

Ó ṣeé ṣe. Ní erékùṣù La Gomera, wọ́n ń fi súfèé sọ èdè Spain láti orí òkè kan sí òmíràn, Unesco sì fi í sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2009. Tiyín ní ìṣòro tí gbogbo onílù ìlú yín mọ̀. Ọmọ, aṣọ, ẹran, ọkọ: ohùn àárín méjì ni gbogbo wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n lórí ìlù. Ìdí nìyẹn tí dùndún kì í fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbólóhùn gígùn àti oríkì tí etí ti mọ̀ ló ń lù.

Ẹ̀dá yín kò ní Yorùbá lẹ́yìn rẹ̀ tí etí máa fi tọ́ ọ sọ́nà, nítorí náà ẹ fi ìṣirò ràn án lọ́wọ́. Ohùn mẹ́ta, sílébù méjì: ọ̀rọ̀ 9 péré. Sílébù mẹ́rin: 81. Bí ẹ bá fi ohùn tó ń gòkè àti èyí tó ń rọ̀ sí i, ó di ohùn márùn-ún, sílébù mẹ́rin á sì fún yín ní 625. Ìyẹn tó. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ sílébù mẹ́rin gérégé, kí ìdákẹ́ díẹ̀ máa wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gígùn wọn bá yàtọ̀ síra, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Nínú ìwé, ẹ má fi àmì lásán kún ojú ewé. Dò, re, mí tí gbogbo wa fi ń kọ́ ohùn ní ilé-ìwé ni kí ẹ lò: "dò-mí-mí-re". Ọmọ ọdún mẹ́wàá á kọ ọ́ lórin.

Láti Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

*Orúkọ ìlú àwọn iwin mi ń dún bí orúkọ oògùn. Kí ni kí n ṣe?*

Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe orúkọ ìlú yín. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé orí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń sọ: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ẹnu gé e, ó ku Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ náà ní kíkún ní èdè wọn, kí ẹ wá fi òfin ìpajẹ gé e. Tiwa ni pé bí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, ọ̀kan á lọ, ohùn rẹ̀ lè kù: ra ìwé di ràwé, i ti lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí tiwọn jẹ́ pé fáwẹ̀lì ìkíní ló máa ń lọ. Háli ni omi, íyera ni funfun. Omi Funfun á di Hálíyera. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, sílébù àárín á bọ́, ó di Hálíra. Ẹ fi Hálíra sórí àwòrán ilẹ̀ àti sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, kí ìyá àgbà inú ìtàn máa pe Hálíyera. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún òǹkàwé.